Sísè omi igi maple nílé: ṣé ó tó gáàsì tí a ó sun lé e lórí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé nítòsí St. Paul, ní Minnesota. Igi maple ńlá méjì ló wà lẹ́yìnkùlé. Bàbá òyìnbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní kí n lu ihò sí wọn lára nígbà tí òtútù bá fẹ́ máa lọ, kí n gba omi wọn, kí n sè é títí á fi di sírọ́ọ̀pù. Ìyàwó mi ní igi tí a bá dá lu á kú, ọjọ́ tó bá sì wó, orí òrùlé wa ló máa wó sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní gáàsì tí mo máa sun á gbówó lórí ju ìgò sírọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí?

* * *

Àbúrò, kí o tó dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lóhùn, bu omi igi náà mu lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ kán. Wàá rò pé ẹnì kan ju hóró ṣúgà kan sínú ife omi tútù ni. Nínú ìwọ̀n 100, nǹkan bí 2 péré ni ṣúgà. Sírọ́ọ̀pù tó jinná, 66 tàbí 67 nínú 100 ni ṣúgà. Iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì kò ju ẹyọ kan lọ: omi ni à ń lé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe é, gbogbo àríyànjiyàn tí mo ti bá èèyàn ṣe lórí rẹ̀, tí a bá tú u dé ìdí, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń lé omi ni.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní ìṣirò kan. Mú 86, kí o fi iye ṣúgà inú omi igi rẹ pín in. Tó bá jẹ́ 2, o máa rí 43: gálọ́ọ̀nù omi igi 43 ni yóò di gálọ́ọ̀nù sírọ́ọ̀pù kan. Tó bá jẹ́ 3, nǹkan bí 29. Tó bá jẹ́ 1, gálọ́ọ̀nù 86 lo máa sè. Ihò kan, lọ́dún tí ojú ọjọ́ bá ṣe dáadáa, máa ń fún ni ní nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 10, ìyẹn ni pé wàá rí sírọ́ọ̀pù tó tó ìdámẹ́rin gálọ́ọ̀nù lórí ihò kọ̀ọ̀kan.

Ní ti gáàsì, ọ̀rẹ́ rẹ ò purọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, sílíńdà pọ́ùn 20, irú èyí tí a fi ń sun ẹran lóde, méjì ni mo jó tán kí n tó rí gálọ́ọ̀nù kan. Tó bá jẹ́ owó nìkan lo fẹ́ kà, ra ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ ni mo ń dá báyìí, ẹ̀ka tí ìjì já lulẹ̀ ní àdúgbò ni mo máa ń kó jọ láti ìgbà ooru, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá ní ibi tó lè dá iná igi sí lẹ́yìnkùlé, òun ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ bá wí.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ló jẹ mí lógún jù, torí ẹni tó ń bẹ̀rù kí igi má kú, ó ti mọ iyì igi. Adẹ́mu ni bàbá bàbá mi, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rántí bó ṣe máa ń bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wí tí wọ́n bá gbẹ́ ọ̀pẹ jìn jù. Ó ní ọ̀pẹ tí o bá gbẹ́ pa lónìí, kí lo máa gun lọ́la?

Maple náà bẹ́ẹ̀. Ihò tí à ń lu sí i kò fẹ̀ ju pẹ́ńsù tí ọmọ fi ń kọ̀wé lọ, íǹṣì 5/16. Ó jìn tó íǹṣì kan àbọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Kí ẹnu dírílì dojú sókè díẹ̀ bó ṣe ń wọlé, kí omi lè rọ́nà ṣàn jáde. Máa wo ohun tí dírílì ń tú síta: tó bá jẹ́ ẹ̀rún igi funfun tó tutù lọ́wọ́, o ti débẹ̀. Tó bá ti dúdú tàbí tó ní àwọ̀ kọfí, igi tó ti kú nínú lo kàn, kúrò níbẹ̀.

Ọgbẹ́ igi kì í jinná bí ti èèyàn. Ńṣe ni igi máa ń mọ odi yí ọgbẹ́ náà ká, ibi tó wà lókè ihò àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dúdú nínú, omi kò sì ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́ títí ayé. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í lu ihò ọdún yìí sórí ti èṣí. Sún un sí ẹ̀gbẹ́ tó íǹṣì mẹ́fà ó kéré tán, má sì jẹ́ kó bọ́ sórí ìlà kan náà. Ní Vermont, àwọn igi kan wà tí baba, ọmọ, àti ọmọ ọmọ ti gba omi lára wọn, tí wọ́n ṣì dúró ṣinṣin.

Igi tó kéré ni kí o má fọwọ́ kàn. Fi okùn yí igi ká ní ibi tó bá àyà rẹ dọ́gba. Tí okùn náà kò bá tó íǹṣì 38, fi í sílẹ̀ kó dàgbà. Tó bá ti tó 38, ihò kan. Tó bá ti tó 57, méjì. Àwọn kan máa ń lu mẹ́ta sí igi tó bá tóbi gan-an, èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹnì kan nínú yín béèrè bó ṣe máa mọ maple nígbà tí ewé ti rẹ̀ tán. Wo ẹ̀ka: ti maple máa ń yọ ní méjì-méjì, wọ́n á kọjú síra bí apá èèyàn. Igi ash náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà èyí nìkan kò tó. Ohun tó dáa jù ni kí o ti so aṣọ mọ́ ọn ní oṣù Kẹwàá nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Sugar maple ló dùn jù. Red maple àti silver maple kò tó o ní ṣúgà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é lò. Norway maple tí wọ́n gbìn sí ojú títì káàkiri náà ṣe é lò. Tí o bá já ewé rẹ̀, omi funfun bíi wàrà á yọ nídìí rẹ̀, òun la fi ń dá a mọ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Houston kọ̀wé pé òun náà ní maple, pé òun lu ihò sí i, kò kán rárá. Kò lè kán níbẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọ̀pẹ nínú ooru ló ń fún wa lẹ́mu, maple ní tirẹ̀ fẹ́ òtútù. Oúnjẹ tí ewé rẹ̀ sè nígbà ooru ló kó pamọ́ sínú ìtì, òtútù á sì sọ ọ́ di ṣúgà. Lóru tí omi inú igi bá dì, igi á máa fa omi sókè láti ìdí gbòǹgbò. Lọ́sàn-án tó bá yọ́, agbára inú igi á ti omi náà síta níbikíbi tó bá ti rí ihò. Òru gbọ́dọ̀ dì, ọ̀sán gbọ́dọ̀ yọ́. Lọ́dọ̀ wa, dígíríì Fahrenheit 25 lóru, 40 sí 45 lọ́sàn-án, ìyẹn lọjọ́ tiwa. Oṣù Kẹta ló sábà máa ń bọ́ sí. Ìgbà òtútù tó bọ́ sáàárín 2023 sí 2024, tí Minnesota kò tutù bó ṣe máa ń tutù, inú oṣù Kejì ni mo ti lu tèmi. Kàlẹ́ńdà kọ́ ni kí a máa wò, ojú ọjọ́ ni.

Tó bá bẹ̀rẹ̀, wàá gbọ́ ọ kí o tó rí i. Garawa òfìfo lábẹ́ igi mẹ́ta, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan èèpo igi: tó, tó, tó, ọ̀kan á yára, ọ̀kan á máa fà. Títí di ọ̀sán, ìró náà á ti rọ̀, torí omi á ti bo ìdí garawa.

Omi yìí kì í kan kíá bí ẹmu, torí òtútù, ṣùgbọ́n ó ń kan. Fi í sínú yìnyín tàbí fíríìjì, kí o sè é láàárín ọjọ́ mélòó kan, má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Tó bá ti ṣú bí omi ìrẹsì, dà á nù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra garawa irin àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní ọjà àlòkù. Òjé ni wọ́n fi jó ìdí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ó sì ń wọ inú omi. Ike tó ṣe é gbé oúnjẹ sí ni kí ẹ lò.

* * *

Ọ̀rọ̀ yìnyín ti di ìjà níbí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Láàárọ̀ tí omi inú garawa bá ti dì lókè, àwọn kan ní kí a ju yìnyín náà nù torí omi lásán ni. Àwọn kejì ní ṣúgà là ń dà nù yẹn. Mo yọ́ ọ wò lọ́dún kẹta, mo fi hydrometer, ohun tí a fi ń wọn ṣúgà inú omi, wọ̀n ọ́n. Omi tó kù nísàlẹ̀ garawa ju 2 lọ dáadáa, yìnyín tó yọ́ kò tó 1. Ṣúgà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tí n bá fi sè é kò ní kéré sí ti èyí tó dùn. Mo ń jù ú nù. Òtútù ti bá mi lé omi lọ́fẹ̀ẹ́, n kò rí ìdí tí n ó fi kó o padà. Àyàfi tí garawa bá dì ju ìdajì lọ, ìgbà yẹn ni mo máa ń jẹ́ kó yọ́, torí ṣúgà tó há sínú yìnyín á ti pọ̀ jù.

* * *

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ẹ ti sè é lórí sítóòfù inú ilé, pé kò sí nǹkan tó ṣe, mélòó lẹ sè? Tó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù méjì, mo gbà. Gálọ́ọ̀nù 12 ni èmi sè nínú ilé ìdáná wa lọ́dún àkọ́kọ́, láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ rò ó: gálọ́ọ̀nù 11 àti ààbọ̀ nínú rẹ̀ di oru, inú ilé náà ló sì wà. Ọ̀dà òkè àjà wú, ó ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ara kọ́bọ́ọ̀dù ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ títí di oṣù Kẹfà. Ìyàwó mi tún ilé ìdáná yẹn kùn, n kò sì gbé ìkòkò omi igi wọlé mọ́ láti ọjọ́ náà, àyàfi ìwọ̀nba tó kù láti parí.

Ìta ni kí a ti máa lé omi. Ìkòkò tó jìn, irú èyí tí a fi ń se àmàlà fún èrò, kò dáa fún iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí agbada gàrí. Kí ló dé tí kì í ṣe ìkòkò ni wọ́n ń lò? Torí ohun tó bá tẹ́ sílẹ̀ ni omi ń tètè kúrò lára rẹ̀. Abọ́ irin gígùn tí àwọn alásè wa fi ń gbé jọ́lọ́ọ̀fù jáde lóde àríyá, ìyẹn ló bá a mu. Mo to búlọ́ọ̀kù sí ọ̀nà méjì, mo dá iná sáàárín, mo gbé abọ́ mẹ́ta lé e lórí. Tí iná bá mú, ó ń lé tó gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ní wákàtí kan. Omi tí mo máa fi kún un, mo ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí tí o bá da omi tútù lé èyí tó ń hó, híhó á dúró, iná tó o dá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di òfò. Tó bá fẹ́ ru bo etí abọ́, bọ́tà tó tó hóró àgbàdo kan péré á rọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ní ohun òyìnbó ni èyí, kí ló kan ọmọ Yorùbá. N kò gbà.

Àwọn Anishinaabe, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ojibwe, ti ń se omi yìí nínú igbó ìhà ibí kí òyìnbó tó dé. Igi náà ní orúkọ lẹ́nu wọn, ininaatig. Wọ́n ní oṣù tí wọ́n fi iṣẹ́ náà sọ lórúkọ, Iskigamizige-giizis. Wọn kò sì dúró lórí sírọ́ọ̀pù: wọ́n ń sè é kọjá bẹ́ẹ̀ títí á fi gbẹ di ṣúgà, wọ́n á kó o sínú àpótí tí wọ́n fi èèpo igi birch rán, á sì pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó tún kàn wá lọ́nà mìíràn. Ní 1791, Benjamin Rush, dókítà ará Philadelphia tó wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà gígùn sí Thomas Jefferson lórí igi yìí. Èrò rẹ̀ ni pé tí àwọn àgbẹ̀ bá ń fi omi maple ṣe ṣúgà, ṣúgà ìrèké tí àwọn ẹrú ń fi ẹ̀mí wọn ṣe ní àwọn erékùṣù Caribbean kò ní rí ẹni rà á mọ́. Jefferson gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Monticello lọ́dún yẹn, igi náà kò ṣe dáadáa níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ní ẹrú tó ju 600 lọ láyé rẹ̀. Ìrèké ló borí. Nígbà tí Ọ̀yọ́ tú, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn wa ni wọ́n kó lọ sí oko ìrèké ní Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lucumí níbẹ̀, àti sí Bahia ní Bràsíìlì, tí wọ́n ń pè ní Nagô. 1886 ni Kúbà tó dá ẹrú sílẹ̀, Bràsíìlì di 1888. Tí mo bá dúró ti iná yìí lálẹ́, tí oru dídùn náà ń fẹ́ sí mi lójú, mo máa ń rò ó. Ẹni tó dúró ti ìkòkò omi ìrèké lóru ní Kúbà, kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iná. Ibi tí èèyàn ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ìparí. Mo ti pàdánù odindi abọ́ kan torí pé mo lọ gbé fóònù láti Ìbàdàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ti di èédú kí n tó padà, òórùn rẹ̀ dé ilé kẹta.

Nígbà tó bá ti ku díẹ̀, gbé e wọlé sórí sítóòfù kékeré, kí o má kúrò nídìí rẹ̀. Ìwé máa ń sọ pé dígíríì 219 ni kí a sọ̀ ọ́, àwọn tó ń fi ìyẹn jiyàn níbí ń ṣi ara wọn lọ́nà. Etí òkun ni 219 wà fún, níbi tí omi ti ń hó ní 212. St. Paul ga ju etí òkun lọ, omi ń hó níbẹ̀ kí ó tó dé 212, ojú ọjọ́ sì tún ń yí i padà lójoojúmọ́. Se omi lásán ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wo ibi tí tẹmómítà dúró, fi 7 kún un. Ibẹ̀ ni sírọ́ọ̀pù ti jinná.

Ojú náà ń ríran. Fi ṣíbí igi bù ú, gbé e sókè. Tí kò bá tíì jinná, ẹ̀kán omi á máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jinná, ẹ̀kán méjì á rìn lọ bá ara wọn létí ṣíbí, wọ́n á di ọ̀kan, wọ́n á fẹ̀ bí aṣọ tí a ta, kí wọ́n tó já. Tó bá ṣàn jù, á bu. Tó bá ki jù, ṣúgà á dì sí ìdí ìgò.

Wàá rí ohun kan bí iyanrìn kúnná nínú rẹ̀. Kò léwu, àwọn ohun tí igi fà láti inú ilẹ̀ ni. Asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì kò lè mú un. Aṣọ onírun tó nípọn ni, kí sírọ́ọ̀pù sì gbóná gan-an nígbà tí o bá ń sẹ́ ẹ. Àbúrò kan ní òun máa ń fi sílẹ̀ mọ́jú kó tòrò, lẹ́yìn náà òun á rọra da èyí tó wà lókè. Ìyẹn náà dáa tí kò bá pọ̀, kó ṣáà tún un gbé kaná kó tó rọ ọ́. Ó kéré tán, 180 ni kó wà kí o tó dà á sínú ìgò, kí o dé e, kí o dojú ìgò bolẹ̀ díẹ̀ kí ooru náà lè kan ọmọrí.

* * *

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é o. Ọ̀kan nínú igi náà gba ihò méjì, èkejì ọ̀kan. Mo ti rí gálọ́ọ̀nù 31, ó di ìgò páíǹtì márùn-ún, ìkẹfà dé ìdajì. Ìyàwó mi fi jẹ àkàrà láàárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n omi tó kán lánàá ní òórùn kan tí n kò mọ̀, ẹnu ẹ̀ka igi kejì sì ti ń pọ́n. Ṣé kí n máa gbà á lọ?

* * *

Ó tó. Igi kejì yẹn, red maple ni, ó máa ń tètè rúwé ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ojú ewé bá ti ń wú, omi igi á yí padà, bó ti wù kí o sè é tó, òórùn yẹn ò ní kúrò nínú sírọ́ọ̀pù. Da ti àná nù. Má pa á pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Igi àkọ́kọ́ ṣì lè fún ẹ ní ọjọ́ díẹ̀ sí i tí òru bá tún dì, máa tọ́ omi rẹ̀ wò láràárọ̀.

Fi ọwọ́ rọra mi spile, ẹnu kékeré tí a kì bọ ihò kí omi lè gbà á kán sínú garawa, títí á fi jáde, má fi òòlù gbá a. Fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ kí o tó kó o pamọ́. Má fi igi tàbí símẹ́ǹtì dí ihò náà, bí omi bá tilẹ̀ ń kán níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá di oṣù Kẹwàá, mú ìyàwó rẹ lọ sídìí igi náà, kó fi ìka tọ́ etí ihò: èèpo tuntun á ti máa yí wọ inú rẹ̀.